Live play tàbí pápá ìṣeré: èwo ló ń rántí wa?

1/ Tí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbọ́ fújì, ẹ kàn béèrè live play tó dùn jù. Àwọn ti Barrister á sọ̀rọ̀, àwọn ti Kollington á ní irọ́ ni, àwọn ti K1 á ní kí gbogbo èèyàn lọ jókòó. Ẹnì kan á tún ti ẹ̀yìn yọ, á ní ẹni tí kò bá tíì gbọ́ Obey tàbí Sunny Adé ní òde ìnáwó kò tíì gbọ́ orin rárá.

2/ Ẹ tún béèrè pápá ìṣeré àtijọ́ tó dára jù. Ìjà míì nìyẹn. Bàbá yín á ní Liberty n'Ìbàdàn ni. Àǹtí yín tó dàgbà l'Ékòó á ní ẹni tí kò bá sí ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980 kó panu mọ́. Èmi náà máa ń dá sí i, ẹ má wò mí báyẹn.

3/ Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó, ìjà kan náà ni méjèèjì. Ohun tí a ń bi ara wa ni pé: tí ọjọ́ ńlá kan bá ti kọjá, kí ló ń tọ́jú ẹ̀ fún wa? Ṣé ilé tó ti ṣẹlẹ̀ ni, àbí ohùn tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ níbẹ̀? Mo ní ìdáhùn tèmi. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn tì í lẹ́yìn. Thread yìí gùn o, ẹ wá omi mu.

4/ Ìjà yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn wà tó jẹ́ pé tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń fi live orin rock kan wé òmíràn, tí wọ́n sì ń ṣọ̀fọ̀ àwọn pápá baseball tí wọ́n ti wó. (Baseball, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń fi igi gbá yẹn.) Ẹ wo Ebbets Field ní Brooklyn. Níbẹ̀ ni Jackie Robinson ti jáde ní 1947, tó fọ́ òfin àìkọsílẹ̀ tó ti ń lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nínú líìgì ńlá wọn. Wọ́n wó o ní 1960, wọ́n kọ́ ilé gbígbé síbẹ̀.

5/ Nígbà míì, orin àti baseball máa ń pàdé nínú pápá kan. Ní 15 August 1965, àwọn Beatles ṣeré ní Shea Stadium, New York. Èrò tó wá lé ní 55,000. Igbe àwọn ọmọbìnrin pọ̀ débi pé àwọn Beatles fúnra wọn kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ. Ní 2009, wọ́n wó Shea náà palẹ̀.

6/ Èyí tó wù mí jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì. 29 August 1966, Candlestick Park, San Francisco, pápá baseball ni òun náà. Eré ìkẹyìn tí àwọn Beatles ṣe tí èèyàn sanwó wọlé nìyẹn. Paul McCartney ní kí Tony Barrow, tó ń bá wọn bójú tó àwọn oníròyìn, bá wọn fi kásẹ́ẹ̀tì gbà á. Kò sí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan níbẹ̀. Ọkùnrin kan, ẹ̀rọ kékeré kan tó gbé dání, ó tán.

7/ Ẹ gbọ́ ibi tó dùn sí. Orin ìkẹyìn ni Long Tall Sally. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni kásẹ́ẹ̀tì tán! Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì òde rí nílẹ̀ Yorùbá mọ irú ìbànújẹ́ yẹn: olórin ń gòkè bọ̀, gángan ń sọ̀rọ̀, ibi tó ti fẹ́ dárúkọ ẹni tí ẹ ń dúró dè... gbìì. Ojú kan ti parí.

8/ Candlestick náà ti lọ. McCartney padà wá ṣeré ìdágbére níbẹ̀ ní August 2014, ní 2015 wọ́n wó o. Ohun tó kù lónìí tí a fi lè mọ bí alẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe rí létí ni kásẹ́ẹ̀tì tí kò tilẹ̀ pé. Pápá tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tó wọ àpò ẹ̀wù ló yè.

9/ Ẹgbẹ́ rock míì tún wà, Grateful Dead. Wọn kì í lé ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá gba orin wọn. Láti 1984, wọ́n ya ibìkan sọ́tọ̀ fún àwọn agbohùnsílẹ̀ láàárín èrò. Àwọn olólùfẹ́ wọn ń pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì láìta á, wọ́n ń kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gbà á sára páálí ẹ̀. Nínú gbogbo eré wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ọ̀gá ni ti 8 May 1977, ní Barton Hall, ní yunifásítì Cornell.

10/ Obìnrin kan ló gba ti Cornell yẹn sílẹ̀, Betty Cantor-Jackson, tó ń bójú tó ohùn fún wọn. Ìgbà kan dé tí kò rówó san fún yàrá tó kó ẹrù sí, wọ́n sì ta àwọn tẹ́ẹ̀pù ẹ̀ ní gbàǹjo. Àwọn olólùfẹ́ orin ló rà wọ́n, wọ́n tún wọn ṣe. Ẹ mọ ibi tó parí sí? Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, fi ohùn alẹ́ ọjọ́ yẹn sínú àkójọ 2011 ti àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó sọnù.

11/ Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ó kù díẹ̀ kó di ẹrù gbàǹjo tí kò níyì, ó wá di ohun ìní orílẹ̀-èdè. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ká kọ́kọ́ bi àwọn pápá tiwa léèrè: kí lẹ rántí?

12/ Liberty Stadium, Ìbàdàn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ ọ, 1960 ni wọ́n ṣí i, ọdún òmìnira. Ní 10 August 1963, Dick Tiger bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ja ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀. Ìjà àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ nìyẹn nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú Áfíríkà. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò dìde mọ́. Ní 1976, Shooting Stars Ìbàdàn gba ife Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1999, ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ dé ibẹ̀.

13/ Ní 2010, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ Stadium. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, Awólọ́wọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ilé ńlá báyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti kígbe níbẹ̀, orúkọ ẹyọ kan ló lè gbé sára. Tí wọ́n bá sì fẹ́ kọ òmíràn, àfi kí wọ́n pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.

14/ Sùúrùlérè ńkọ́? Wọ́n parí ẹ̀ ní 1972 fún ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti 1973. FESTAC bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní January 1977. Ní 22 March 1980, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0, a gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Mudà Lawal gbá ẹyọ kan. Ibẹ̀ náà ni Samuel Okwaraji ti ṣubú ní 12 August 1989 nígbà tí a ń gbá pẹ̀lú Angola. Kò dìde mọ́.

15/ Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, koríko hù níbẹ̀, àga ìjókòó fọ́. Tí ẹ bá dúró síbẹ̀, ògiri kò ní sọ ohunkóhun fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ pe Ọdẹ́gbàmí níwájú ẹnikẹ́ni tó ti lé ní 50 ọdún, á ní: "Mathematical!" Ta ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn? Ernest Okonkwo ni, tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Ohùn ló sọ ọ́ lórúkọ, ohùn náà ló gbé orúkọ náà dé ilé àwọn tí kò dé Sùúrùlérè rí láyé wọn.

16/ Ká wá sí Adó tiwa. Pápá ìṣeré wa ń jẹ́ Olúyẹmí Káyọ̀dé. Mo ti bi àwọn ọ̀rẹ́ mi mélòó kan pé ta ni? Òṣèlú ni wọ́n rò. Rárá o! Sárésáré ni. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba fàdákà nínú eré ìje 4x100 mítà ní Olympics Barcelona, 1992. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, jàǹbá ọkọ̀ pa á. Orúkọ ẹ̀ wà lára pápá, àwa tí à ń wọ ibẹ̀ kò mọ ẹsẹ̀ tó fi gbà á.

17/ Fájuyì tí mo ti ń kọ èyí náà ńkọ́? Orúkọ èèyàn ni. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n pa á pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Ironsi, ní 29 July 1966, n'Ìbàdàn. Oṣù kan gééré kó tó di alẹ́ Candlestick. Lónìí, àwọn ọlọ́kadà ń ké "Fájuyì! Fájuyì! Ẹnì kan ló kù!" Orúkọ kò parẹ́, ìtàn ẹ̀ ló ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

18/ Nítorí náà, ohun tí mo rí lára ilé ni pé ó ń tọ́jú orúkọ, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni ńlá. Kò lè tọ́jú àwọn tó jókòó. Ẹ wá jẹ́ ká gbé kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ.

19/ Kí ẹ tó mọ iyì live play, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwo kò lè gbà. Ojú kan àwo LP kì í sábà gbà ju bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Ẹgbẹ́ jùjú tó lè ti alẹ́ Sátidé ṣeré títí ilẹ̀ fi mọ́ gbọ́dọ̀ sún gbogbo ẹ̀ kì sínú 20 ìṣẹ́jú. Nígbà tí Island Records gbé Sunny Adé jáde fún àwọn òyìnbó ní 1982, nínú àwo Juju Music, wọ́n tún gé orin náà kúrú sí i. Ó dùn o! Ṣùgbọ́n òde kọ́ nìyẹn.

20/ Ẹ wo bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe "live" náà. Ní 1971, Fela àti Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ rock Cream, gbé àwo kan jáde tó ń jẹ́ Live! Inú ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road ní London ni wọ́n ti gbà á, wọ́n pe àwọn èèyàn wọlé kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Àwo tó gbóná ni, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, èrò ló lọ bá olórin nílé ìgbohùnsílẹ̀.

21/ Tiwa yàtọ̀. Nínú live play, olórin ló wá bá wa nílé. A ti dí títì pa, a ti ta kánópì, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé, ẹran ń jó lórí iná. Ẹni tó ń náwó ló pe olórin, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹni tó ń náwó ni orin máa dá lé. Wọ́n á kọ orúkọ sínú bébà kékeré, wọ́n á nà án sí olórin. Ó máa kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ọmọ ta ni, láti ìlú wo, ọkọ ta ni, ìyá ta ni, iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

22/ Ẹnì kan nínú mọ̀lẹ́bí á wá gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ sípíkà, á tẹ̀ ẹ́, á máa jó lọ. Kò mọ̀ pé ìwé ìtàn lòun ń kọ. Kásẹ́ẹ̀tì C90 gba 45 ìṣẹ́jú lójú kan. Láàárín 45 ìṣẹ́jú yẹn, orúkọ ogójì èèyàn lè wọlé. Ẹ sọ pápá ìṣeré kan fún mi tó ń jẹ́ orúkọ ogójì èèyàn.

23/ Ohun tí olórin kò sì ní lọ́kàn láti sọ náà wà nínú ẹ̀. Ẹni tó gba máìkì pé kí ẹni tó ni Peugeot funfun jọ̀ọ́ wá gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí kánópì. Ìyá kan tó ń fi ohùn ẹkún kọ orin mọ́ olórin lẹ́nu. Iye owó tí wọ́n ń kéde. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ̀rún kan náírà jẹ́ kí owó tó di bébà, ẹ gbọ́ bí olórin ṣe ń dúpẹ́.

24/ Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ sha, live play náà ní ẹ̀bi tiẹ̀. Ẹni tó bá náwó ni wọ́n ń kì. Ẹni tó jí ní aago mẹ́ta òru láti fọ ìrẹsì kò wọ inú orin. Obìnrin máa ń wọlé gẹ́gẹ́ bí "ìyàwó" tàbí "ìyá" ẹnì kan, orúkọ tiẹ̀ gan-an lè má jáde. Àwọn olówó tí ẹnikẹ́ni ò mọ orísun owó wọn náà di "ọmọlúàbí". Ìwé ìtàn tí owó kọ ni, ẹ fi ọgbọ́n kà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí a dárúkọ níbẹ̀, ìwé míì kankan kò dárúkọ wọn.

25/ Àpẹẹrẹ kan. Kásẹ́ẹ̀tì òde ìsìnkú kan wà nílé wa l'Adó, ọdún 1983 ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Olórin ń ki àwọn ọmọ olóòkú lọ, ó wá sọ pé, "Ìyá Kùmásì, mo rí ọ o!" Màmá mi kò mọ ta ni. Ìyá àgbà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àbúrò bàbá àwọn ni, ọdún gbọọrọ ló fi ta aṣọ ní Gáńà. Ìgbà tí wọ́n lé wọn ni ó padà wálé, pẹ̀lú àpótí kan àti ọmọ méjì.

26/ "Ìgbà tí wọ́n lé wọn" nínú ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni November 1969. Ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gáńà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Ọjà tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kọ́, wọ́n fi sílẹ̀. Ìwé ìtàn sọ iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fún wọn. Kásẹ́ẹ̀tì wa ló sọ fún èmi pé ọ̀kan nínú wọn jó níwájú ilé wa, àti pé olórin mọ̀ ọ́n, ó pè é, ó dáhùn. A ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀.

27/ Ohun míì tó wà nínú ohùn tí kò sí lára ògiri ni èdè. Ẹ gbọ́ Elémùré Ògúnyẹmí, ọmọ Ẹmùré-Èkìtì, bó ṣe ń fi Èkìtì kọrin láìbẹ̀bẹ̀. Ẹ wá gbọ́ àwọn àgbà nínú kásẹ́ẹ̀tì ilé yín: "ulé" ni wọ́n ń pe ilé, "uṣu" ni wọ́n ń pe iṣu. Àwa tí a dàgbà sí Adó, Yorùbá ilé-ìwé àti pidgin ló kún ẹnu wa. Ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ Èkìtì, a kò lè dáhùn. Tí kásẹ́ẹ̀tì yẹn bá bàjẹ́, kì í ṣe orin nìkan ló lọ.

28/ Fún àwọn tó ní kí n mú live tèmi wá, kí n má sá: Fela ní Detroit, ní Fox Theatre, November 1986. Ìdí mi ni pé Fela kì í ṣeré orin tó bá ti gbé jáde nínú àwo mọ́. Orin tuntun ló máa ń gbé lọ sórí ìtàgé. Nínú ti Detroit yẹn, ẹ máa gbọ́ Beasts of No Nation, bẹ́ẹ̀ 1989 ni àwo ẹ̀ jáde. Ọdún 1986 yẹn gan-an ló jáde lẹ́wọ̀n. Ẹ ń gbọ́ orin náà nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù. Ọdún 2012 ni ohùn yẹn tó dọ́jà. Ọdún 26 ló fi sùn kí gbogbo ayé tó gbọ́ ọ.

29/ Pápá àtijọ́ tèmi ni Liberty, torí Dick Tiger. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan, ká tún pápá ṣe àbí ká gba kásẹ́ẹ̀tì là, kásẹ́ẹ̀tì ni mo máa yàn. Ìjọba lè tún pápá kọ́ nígbàkígbà tó bá wù ú. Kò sí ìjọba tó lè tún Ìyá Kùmásì pè kó wá rẹ́rìn-ín.

30/ Àsìkò kò sì dúró dè wá. 1963 ni Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Àwọn tí wọ́n gbà ní òde níbí láàárín 1970 sí 1990 ti di àgbà. Ooru ń jẹ wọ́n, ọ̀rinrin ń jẹ wọ́n, àwọn ọmọ ilé ń fa okùn inú wọn ṣeré. Èyí tó burú jù: ẹni tó mọ àwọn orúkọ inú ẹ̀ ń lọ. Kásẹ́ẹ̀tì lè yè kí ẹni tó lè túmọ̀ ẹ̀ má sí mọ́.

31/ Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí:
Ẹ wá wọn. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú àpótí, lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ kó wọn kúrò nínú oòrùn àti ibi tó ń rin.
Ẹ ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà lórí páálí kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má lè gba nǹkan míì lé e.
Tí ẹ bá rí funfun bí èébú lára okùn ẹ̀, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ. Ó máa ba ẹ̀rọ jẹ́, ó sì máa ran kásẹ́ẹ̀tì míì.

32/ Ẹ fi òwú àti spirit nu orí ẹ̀rọ kí ẹ tó gbé e sí i. Ẹ yí kásẹ́ẹ̀tì lọ dópin, kí ẹ yí i padà, kó tú ara ẹ̀ ká. Ẹ má kàn gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà. Ẹ fi wáyà so ihò yíyaríìsì ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ohùn á mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà níbi tí kì í ṣe fóònù yín, torí fóònù ń jábọ́ sínú omi.

33/ Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ jókòó ti àgbà kan, kí ẹ jọ gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹnì kan, ẹ dá a dúró, ẹ béèrè: "Màmá, ta nìyí?" Ẹ gba ìdáhùn náà sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, ìlú, àdúgbò, ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, àti ẹgbẹ́ olórin. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ bi ẹbí. Ẹ rántí pé olórin tàbí ọmọ rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ wọn.

34/ Mo mọ̀ pé ẹ máa ṣì jà lórí Barrister àti Kollington nísàlẹ̀ ibí, ẹ ṣe é, mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ gbé kásẹ́ẹ̀tì òde kan nílé yín, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Ẹ kọ ọdún àti ìlú náà síbí fún wa. Ẹ sì sọ fún wa: nínú àwọn orúkọ tí olórin pè níbẹ̀, mélòó lẹ mọ̀?